Wáyà Tó Dé Ilé Ìyá Adití

Iṣẹ́ eyín ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń pè é ní Aṣeyín. Kì í ṣe pé ó ń yọ eyín o. Àwọn dókítà ló ń yọ ọ́. Tirẹ̀ ni kí ó ṣe òmíràn dípò. Nínú yàrá gígùn kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn eyín, níbi tí wọ́n to tábìlì mẹ́rin sí ìdí fèrèsé, ló máa ń jókòó láti àárọ̀, tí yóò máa fi ọ̀bẹ tín-ín-rín gbẹ́ ìda pupa, tí yóò máa to eyín sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń sin ìlẹ̀kẹ̀, títí erìgì àtọwọ́dá náà yóò fi jọ èyí tí ènìyàn bá wáyé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Aṣeyín, ìwọ tí ò ń ṣe ẹ̀rín fún gbogbo ayé, ìgbà wo lo máa ṣe tìẹ?" Òun a kàn mi orí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n a rò pé ìgbéraga ni, ṣùgbọ́n kò sí ìgbéraga níbẹ̀. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ fi sọ̀rọ̀ láyé kó tó fi ẹnu sọ ọ́, nítorí adití ni ìyá tó bí i.

Ibà líle kan ló di ìyá náà létí nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Wọ́n mú wọn lọ sí ilé-ìwé àwọn adití, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ èdè ọwọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ aṣọ fífọ̀ àti aṣọ lílọ̀, èyí tó di iṣẹ́ wọn. Ọkọ tí wọ́n fẹ́ kò bá wọn kalẹ́. Ọmọ ṣì ń rákò nígbà tó kú. Ló wá ku ìyá àti ọmọ nínú yàrá kan, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù, tábìlì àti òkìtì aṣọ àwọn ẹlòmíràn.

Láti kékeré ni Aṣeyín ti di etí fún ìyá rẹ̀. Bí oníbàárà bá kan ilẹ̀kùn, òun ló ń gbọ́. Bí ààrá bá sán nígbà tí aṣọ wà lórí okùn, òun ló ń sáré lọ fa ìyá rẹ̀ láṣọ. Ẹnu ìyá náà kò sọ nǹkan kan tó ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ wọn bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ jókòó ni o. Ojú ń sọ ọ́, èjìká ń sọ ọ́, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń sọ ọ́. Wọ́n lè sín oníbàárà kan jẹ, láti bó ṣe ń fa imú dé bó ṣe ń fi ọgbọ́n àrékérekè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun dín owó kù, tí ọmọ wọn yóò fi rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀. Nínú ilé yẹn, tí aráyé rò pé ó dákẹ́ bí itẹ́ òkú, àròyé kì í tán.

Nígbà tí iṣẹ́ eyín wá gbé Aṣeyín lọ sí ìlú mìíràn, ìrìn odidi ọjọ́ kan nínú ọkọ̀, ni ìdákẹ́jẹ́ tòótọ́ wọlé. Ọmọ ẹlòmíràn a tẹ ìyá rẹ̀ láago, á ní, "Ìyá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ṣé ẹ ti jẹun?" Ọ̀rọ̀ parí. Kí ni adití fẹ́ fi fóònù ṣe? Ìwé tí ìyá rẹ̀ kà kò sì jìn. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ sí wọn, ìdajì ni wọ́n ń mú. Aládùúgbò wọn kan, obìnrin aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́nu géètì, ló ń bá wọn ṣe alágbàsọ. Aṣeyín a pè é, á ní kó bá òun bi wọ́n bí ara wọn ti rí. Aránṣọ á fi ọwọ́ júwe, á padà wá sórí fóònù, á ní, "Wọ́n ní ara àwọn le." Ara le, ara le, ìyẹn ni gbogbo ohun tí ọmọ ń gbọ́ láti ẹnu ìyá tó ní ìtàn tó lè kún inú àgbá.

Wọ́n gbìyànjú fídíò. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò ìyá rẹ̀ nígbà yẹn, a kò lè pè é ní nǹkan kan. Ẹni tó ń gbọ́ràn, bí àwòrán bá tilẹ̀ bàjẹ́, ohùn á ṣì wọlé. Fún adití, àwòrán tó já, ahọ́n tí wọ́n gé ni. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ á máa fà bí ẹja nínú omi ẹrẹ̀, á fò láti ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní bọ́ sórí ẹ̀karùn-ún, á wá dúró gbagidi.

Ní ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ ń sọ nǹkan pẹ̀lú ojú tó le. Aṣeyín rí "àná". Ó rí "ilé". Ó rí "kú". Àwòrán bá dúró. Ọwọ́ wọn wà lórí "kú", ẹnu wọn là sílẹ̀, ojú wọn ranjú. Ó pè títí, kò wọlé mọ́. Ó pe Aránṣọ, fóònù rẹ̀ wà ní pípa. Ló bá bẹ ọ̀gá rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sunkún kọjá ìdajì ọ̀nà. Nígbà tó ti ilẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú ojú wíwú, ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ. Adìyẹ ló kú. Adìyẹ Aránṣọ, tó máa ń yàgbẹ́ sórí aṣọ tí wọ́n bá sá, ni ọ̀kadà tẹ̀ pa, ayọ̀ sì ni wọ́n ń fi ìròyìn náà yọ̀, tí wọ́n ń díbọ́n bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí áyọ́ọ̀nù fi jó ìdí ṣòkòtò oníbàárà. Ọjọ́ mẹ́ta ni Aṣeyín lò nílé. Ó bá wọn tún igi tí wọ́n ta okùn sí ṣe, ó fọ abẹ́ ibùsùn, ó gé èékánná ẹsẹ̀ wọn.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ kan dé àdúgbò náà. Wọ́n gbẹ́ kòtò tóóró lẹ́bàá títì, wọ́n tẹ́ ọ̀pá ike sínú rẹ̀, wọ́n sì kó wáyà sínú ọ̀pá. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú wáyà náà kọjá, pé kò nípọn ju fọ́nrán irun lọ, síbẹ̀ gbogbo àdúgbò lè máa wo fíìmù lẹ́ẹ̀kan náà kí ti ẹnì kan má di ti ẹnì kejì lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń yọ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Àwọn onílé ń yọ̀ nítorí wọ́n lè fi kún owó ilé. Aṣeyín, tí Aránṣọ sọ fún lórí fóònù, kò bi í ju ìbéèrè kan lọ: "Ṣé kì í já?"

Ó forúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó ra fóònù onígíláàsì ńlá ránṣẹ́, irú èyí tó fẹ̀ tó ìwé àjákọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá fa wáyà náà wọlé pè é láti yàrá ìyá rẹ̀.

"Àǹtí, ibo ni kí n gbé e sí?"

"Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Kí ọwọ́ wọn ṣáà hàn."

"Ọwọ́ kẹ̀? Ojú ńkọ́?"

"Ojú náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni kó o kọ́kọ́ wò."

Ó gbé e sórí àpótí kan lẹ́bàá fèrèsé, ó fi àga síwájú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí àga náà kẹ̀yìn sí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Aṣeyín kò tíì bọ́ bàtà tó fi pè. Ìyá rẹ̀ yọ kedere. Kò sí kùrukùru, kò sí ìdádúró. Ọwọ́ wọn ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń yí, bí ìgbà tí àwọn méjèèjì jọ jókòó sórí ibùsùn kan. Wọ́n wo ara wọn. Ìyá wá sún mọ́ gíláàsì náà, wọ́n na ìka sí ọmọ wọn.

"Èékánná rẹ dọ̀tí."

"Ìda ni, ìyá mi. Ìda tí mo fi ń ṣe eyín."

"Ìda ni o, ẹrẹ̀ ni o, lọ fọ̀ ọ́ kó o tó jẹun."

Gbogbo èyí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Aṣeyín lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ lóòótọ́, nídìí ẹ̀rọ omi náà ló ti bú sẹ́kún.

Ẹni tó bá sọ pé wáyà yẹn kò tún ayé ìyá náà ṣe, irọ́ ló pa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wá àwọn tí wọ́n jọ lọ sí ilé-ìwé adití rí. Àwọn arúgbó mẹ́fà á yọ lórí gíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálùkù nínú ojú fèrèsé tirẹ̀: Káfíńtà tó jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà ọmọdé, obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì, àwọn ìbejì kan tí wọn kò jọra, àti àwọn yòókù. Gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ pọ̀, wọn á bára wọn jà nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ìjẹun ní ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, wọn á parí ìjà, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Láti orí wáyà náà ni wọ́n ti rí dókítà kan tó ní ògbufọ̀ èdè ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn nìyẹn tí wọ́n fúnra wọn sọ ohun tó ń ṣe wọ́n, láìjẹ́ pé ọmọ tàbí aládùúgbò dúró láàárín. Dókítà náà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ó kọ oògùn fún wọn. Wọ́n sọ fún ọmọ wọn lálẹ́ ọjọ́ náà pé, "Mo bá dókítà sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà."

Lójoojúmọ́, bí Aṣeyín bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó di orí gíláàsì. Á gbé fóònù ti ife omi, á máa jẹun, á máa sọ̀rọ̀ láàárín òkèlè. Ìyá á máa bá a wí pé kò jẹ ẹ̀fọ́.

Kò mọ ìgbà tí kò lọ sílé mọ́. Ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn wáyà, ó lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún kejì, ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrìn náà kàn ń sún síwájú ni. Iṣẹ́ pọ̀, ọ̀nà kò dára, ẹ̀yìn ń dùn ún bó bá jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń di ẹrù lọ sí ilé nígbà ìsinmi, tí wọ́n bi í bóyá òun kò lọ, á ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe? Àná náà ni mo rí wọn." Kò parọ́. Lójú tirẹ̀, ilé ló ń sùn tó ń jí. Ìyá náà kò sì ní kó wá. Bó bá ní òun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, wọn á ní, "Má da ara rẹ láàmú. Ṣé o kò rí mi ni?"

Kò sì mọ ọjọ́ tí ọwọ́ òsì kúrò nínú ọ̀rọ̀. Èdè ọwọ́ ní ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ọwọ́ kan, ó ní èyí tó jẹ́ ti méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa lè fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ méjì, bí ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ̀rọ̀ nítorí pé ó ń jẹun. Aṣeyín ṣàkíyèsí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bi wọ́n léèrè ibi tí ọwọ́ kejì wà.

"Ó ń sinmi," ni ìyá dáhùn. "Àádọ́ta ọdún ló fi lọ aṣọ. Ìwọ, ẹnu kan ṣoṣo lo fi ń bá àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí tèmi fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì?"

Aṣeyín rẹ́rìn-ín débi pé oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ́nà ọ̀fun. Ó sọ àwàdà náà fún gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì lọ́jọ́ kejì. Kò tún béèrè mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, wọ́n ń sinmi níbi iṣẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn yàrá ìṣiṣẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó pe ìyá rẹ̀. Ìyá ń sọ bí Aránṣọ ṣe rán ṣòkòtò kan tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, tí oníṣòkòtò sì yarí pé òun kò ní gbà á. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ìka méjì nà sísàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ ènìyàn, kí wọ́n fi bí ọkùnrin náà ṣe ń tiro nínú ṣòkòtò náà hàn án. Ìka méjèèjì gbé ìṣísẹ̀ kan. Wọ́n dúró.

Aṣeyín ń dúró de àwàdà náà. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ wà lókè, ẹnu wọn là díẹ̀, ojú wọn ń wo ọ̀kánkán.

"Nẹ́tíwọ̀kì," ó wí fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í. "Mo rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ èyí."

Ó bu búrẹ́dì jẹ. Ó gbé fóònù sókè, ó dìde lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tó rò pé yóò ti wọlé dáadáa. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Àwòrán yín ti dúró, ẹ ní sùúrù." Ìgbà náà ló rí kọ́tìnì. Kọ́tìnì fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń fẹ́. Atẹ́gùn gbé e, ó kan èjìká ìyá rẹ̀, ó padà, ó tún gbé e. Àwòrán kò dúró. Kò sí ohun tó ṣe wáyà náà.

Ọwọ́ tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ tó ń yọ̀ bọ́ lórí okùn.

"Màmá!" ni Aṣeyín ké, ó fi ẹnu pe obìnrin tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti bí i. Ó ń ju ọwọ́ síwájú fóònù. "Màmá, ẹ wò mí! Ẹ wò mí!"

Fóònù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi pe Aránṣọ. Kò pẹ́ tó fi rí i lórí gíláàsì tó já wọlé, téèpù ìwọnsọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rí àwọn ọkùnrin méjì tí kò mọ̀. Ó rí i tí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ lábẹ́ apá, tí orí wọn ṣubú sẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ kan fi bàtà sílẹ̀. Wọ́n gbé wọn jáde kúrò nínú àwòrán. Kò sí ẹni tó rántí pa gíláàsì náà. Títí fóònù rẹ̀ fi kú lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sílé, àga òfìfo náà ni Aṣeyín ń wò, ó yọ kedere, kò já lẹ́ẹ̀kan.

Wọn kò kú. Ẹ̀jẹ̀ ló dí nínú ọpọlọ wọn, dókítà ní bí wọ́n ṣe tètè gbé wọn dé ló jẹ́ kí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà kò gbé mọ́. Aṣeyín dúró lẹ́bàá ibùsùn, ó ń fi ọwọ́ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ojú wọn ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀.

"Dókítà, ọwọ́ òsì wà," ó ní. "Wọ́n lè fi ti òsì sọ̀rọ̀. Àwa máa ń ṣe é."

Dókítà náà gbé ọwọ́ òsì ìyá sókè, ó fi í sílẹ̀. Ó bọ́ lu ibùsùn.

"Ìkejì rèé, ìyáàfin. Èyí tó mú ọwọ́ òsì ti pẹ́, ó ti tó ọdún kan dáadáa. Ẹ wo bí ẹran apá ti gbẹ. Ṣé kò sí ẹni tó ń rí wọn ni?"

"Èmi ni," ni Aṣeyín dáhùn. "Ojoojúmọ́ ni mò ń rí wọn."

Dókítà wò ó, ó kọjá sí ibùsùn tó kàn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló lọ sí ilé láti mú aṣọ ìpààrọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àga wà níbẹ̀, àpótí wà níbẹ̀, gíláàsì wà lórí rẹ̀, ògiri tí wọ́n kùn mọ́ lẹ́yìn àga. Àwọn ògiri mẹ́ta yòókù ni kò mọ̀. Òjò ti ba òrùlé jẹ́ níhà ibùsùn, pákó àjà ti ya lulẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mẹ́ta wà lábẹ́ ihò náà. Wọ́n ti fa mátírẹ́ẹ̀sì wá sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí pé orí ibùsùn ti ga jù fún ẹsẹ̀ wọn. Aláǹtakùn ti ta òwú sára áyọ́ọ̀nù. Kò sí aṣọ oníbàárà kankan lórí tábìlì. Àwo kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n fi eyín ya dípò ọ̀bẹ. Aṣọ aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló mọ́ nínú yàrá náà, ó kọ́ sórí ìṣó, aṣọ tí Aṣeyín ti rò pé ìyá òun fẹ́ràn ju gbogbo aṣọ lọ nítorí pé òun ni wọ́n ń wọ̀ ṣáá.

Aránṣọ wọlé bá a. Ó jókòó sórí àga, ó tún dìde kúrò níbẹ̀ kíákíá bí ẹni pé ó gbóná.

"Ọmọ mi, má bínú sí mi," ó ní. "Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní kí n wá bá àwọn wọ aṣọ yẹn. Mo máa nu ojú wọn, mo máa fi ọwọ́ òsì yẹn sí orí itan wọn níbi tí kò ti ní hàn sí ọ. Bó o bá ti lọ tán, màá tún bọ́ ọ. Mo ní kí n pè ọ́. Wọ́n fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu báyìí. Wọ́n júwe fún mi pé bó o bá gbọ́, o ó fi iṣẹ́ sílẹ̀."

"Oògùn wọn ńkọ́?"

"Èwo? Ó tán tipẹ́. Ìwọ lò ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Mo rò pé o mọ̀."

Aṣeyín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ti lo ọdún mẹ́ta gbáko ní wíwo ìyá rẹ̀, kò sì rí wọn.

Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ṣe sùúrù fún un fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó yá ó fi ẹlòmíràn sídìí tábìlì rẹ̀. Ó ń lọ aṣọ ní báyìí, kò sì mọ̀ ọ́n lọ̀. Ọwọ́ tó ń to eyín tó ṣe rẹ́gí kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú kọ́là dúró. Ó tún òrùlé ṣe. Ó ń wẹ ìyá rẹ̀, ó ń bọ́ wọn, ó ń yí wọn padà lórí ibùsùn. Láti ilé ìwòsàn ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kí ó máa fi ojú bá wọn sọ̀rọ̀: dídì lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni, dídì lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé ebi ń pa yín? Ṣé ó ń dùn yín? Ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣí fèrèsé? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Obìnrin tó ń fi ìka sín gbogbo àdúgbò jẹ ni wọ́n sọ di bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ gan-an kò ṣeé fi ojú dáhùn. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Bóyá wọ́n ń dáhùn lọ́kàn wọn. Bóyá wọ́n ń bú u. Ó máa ń gbé ọwọ́ wọn sórí tirẹ̀, á ká àwọn ìka náà bí ọ̀rọ̀ kan ti rí, ìyá á sì máa wo ọwọ́ náà bí ẹni tó ń wo ọwọ́ àjèjì.

Wáyà ṣì ń ṣiṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú yàrá yẹn, òun nìkan ni kò tíì ní àìsàn. Àwọn arúgbó ilé-ìwé adití ṣì ń pè nírọ̀lẹ́, Aṣeyín á sì gbé ìyá rẹ̀ jókòó, á fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, á tan gíláàsì. Àwọn ojú fèrèsé á ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà lẹ́bàá aláìsàn. Nígbà tó yá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jà nítorí yàrá ìjẹun, wọ́n gbàgbé, ọwọ́ ń fò káàkiri. Ìyá ń wò wọ́n. Ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí itan, ó dúró jẹ́ẹ́ bí aṣọ tí wọ́n ti ká tán tí olówó rẹ̀ kò wá gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Káfíńtà dá àwọn yòókù dúró. Ó sún mọ́ gíláàsì tirẹ̀ títí orí funfun rẹ̀ fi kún ojú fèrèsé náà, ó wá sún sẹ́yìn kí ọwọ́ rẹ̀ lè hàn. Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi. Ṣé inú rẹ ń dùn bí a ṣe ń pè ọ́?"

Gbogbo àwọn mẹ́fà dúró. Ìyá wò ó. Wọ́n wo ìkejì, wọ́n wo ìkẹta, wọ́n wò wọ́n yíká. Wọ́n di ojú.

Aṣeyín ń dúró kí wọ́n là á. Wọn kò là á. Adití tó bá di ojú, ó ti ti gbogbo ilẹ̀kùn tó ní. Ó fọwọ́ kàn wọ́n lérèké, ó gbọ̀n wọ́n léjìká díẹ̀. Èémí wọn ń lọ dáadáa, oorun kọ́, ìpéǹpéjú wọn ń gbọ̀n nítorí agbára tí wọ́n fi dì í. Lórí gíláàsì, Káfíńtà gbé ọwọ́ sókè, ó ń béèrè.

"Kí ni wọ́n wí?"

Aṣeyín nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ, ó gbé e síbi tí gbogbo wọn ti lè rí i.

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni," ó sọ fún wọn.

Àwọn arúgbó náà mi orí, inú wọn dùn, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ìjà wọn. Ìyá kò la ojú títí ó fi pa iná gíláàsì náà.